Ìjì Òṣogbo: ẹ jẹ́ ká jọ máa wọ̀n ọ́n, ká sì máa kọ ọ́ sílẹ̀

Awọnjò Ògo-Olúwa:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ewu òjò àná. Ẹni tí ìjì ká páànù rẹ̀ lọ, Ọlọ́run yóò pèsè tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti àná ni mo ti ń wo ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa ìjì náà. Ọ̀kan ní yìnyín tó bọ́ ní Òkè-Baálẹ̀ tó ẹyin adìyẹ. Òmíràn ní kò ju hóró àgbàdo lọ. Fídíò mẹ́fà ló wọlé sórí fóònù mi, kò sí ìkankan tó sọ àdúgbò, kò sí èyí tó sọ aago. Mo dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn, láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń pín in kiri. Irú ìjì báyìí á ṣí ilé, á wó igi, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní sí ẹni tó lè sọ bó ṣe tó.

Àkókò òjò kẹrin rèé tí mo ti ń wọn òjò lẹ́yìnkùlé wa. Àná, mìlímítà 41 ni mo bá nínú agolo mi, ìṣẹ́jú 50 péré ló sì fi rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń wọn tiẹ̀ ní Sábo bá mìlímítà 12. Ìlú kan náà, òjò kan náà! NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ní ibùdó ní Òṣogbo níbí, iṣẹ́ wọn sì wúlò gan-an, àmọ́ ojú kan ni ibùdó kan wà, kò lè mọ ohun tó rọ̀ sí gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn òjò, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ àmì òjò, ẹ dákun, ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Tíṣà Jọ́gíráfì:

Àbúrò, o ṣeun tí o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò kò tíì fẹ̀yìn tì nínú mi.

Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gun ọ̀kadà sáré tẹ̀lé ìjì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń wa mọ́tò lé ìjì kiri, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ lọ salalu, wọ́n sì ń rí ìjì náà láti òkèèrè. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, ìjì ló ń wá wa wá, ọ̀nà kan náà ló sì sábà máa ń gbà. Àwọn ìjì ńlá oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, láti ìlà oòrùn ni wọ́n ti ń bọ̀, ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n sì ń lọ. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tó ti orí òkun wá ló ń fẹ́ nísàlẹ̀, láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gòkè tó nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4, atẹ́gùn líle mìíràn wà níbẹ̀ tó ń ti ìlà oòrùn fẹ́. Ti òkè yìí ló ń ti ìjì lẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní Iléṣà, ní Ìbòkun tàbí ní Ìlá á ti rí i kó tó kàn wá, àwa náà á sì ti rí i kó tó kan Ẹdẹ àti Ìwó. Láti Iléṣà sí ọ̀dọ̀ wa tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Bí ìjì bá ń rin kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, ó kù bí ìṣẹ́jú 35 kó tó dé. Ìyẹn tó láti kó aṣọ, láti gbé agolo síta, láti wá ibi tó dára tí èèyàn á dúró sí. Ẹ wá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Iléṣà, kí ẹ wá ẹlòmíràn ní Ìkìrun, kí wọ́n máa pè yín. Bí àwa ṣe lè lé ìjì nìyẹn.

Ti oṣù kẹfà àti keje máa ń pẹ́ lórí rírọ̀, àmọ́ kì í sábà jà bí òjò àkọ́rọ̀. Inú oṣù kẹjọ tí òjò bá dẹwọ́ díẹ̀ ni kí ẹ tún irinṣẹ́ yín ṣe de àrọ̀kúrọ̀.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àbígbẹ̀yìn mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi kò mọ mìlímítà, ṣùgbọ́n aró ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún, kò sì sí ohun tó ń ba iṣẹ́ aláró jẹ́ bí òjò àìròtẹ́lẹ̀. Àdìrẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, bí òjò bá kán sí i kó tó gbẹ, àbàwọ́n ni.

Aṣọ orí okùn ni kí ẹ máa wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìjì máa jà, atẹ́gùn á máa wá láti ọ̀nà Ẹdẹ, etí aṣọ á sì máa nà sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Bó bá yá, aṣọ á rọ̀ jọwọlọ, kò ní mì rárá. Ooru á mú débi pé adìyẹ á máa yanu. Ẹ bojú wo ọ̀nà Iléṣà nígbà náà, ẹ ó rí i tí ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn tútù á dé. Aṣọ á yíjú pátápátá, á kọ etí sí Ẹdẹ, ẹ ó sì gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí òjò ti pa níbòmíràn. Láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá ń ká aṣọ kúrò lórí okùn, ẹ lè má tíì ká tó ogún tí òjò á ti bọ́ sí yín lọ́rùn.

Gbogbo ìgbà tí aṣọ bá yíjú báyẹn ni mo máa ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri. Lọ́dún tó kọjá, ìlà 23 ló wà níbẹ̀. Èyí tí òjò kò tẹ̀ lé nínú wọn kò ju mẹ́ta lọ.

Awọnjò Ògo-Olúwa:

Ìyá mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ni aṣọ yín ń fi hàn yín yẹn. Òjò tó ń já bọ́ nínú ìjì máa ń fa afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀, bí afẹ́fẹ́ náà bá sì ti gbá ilẹ̀, ó máa ń sáré ṣíwájú òjò. Òun ló ń yí aṣọ lójú, òun kan náà ló ń ṣí páànù. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ní kí àbúrò mi máa kọ ọjọ́ àti aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí ògiri yín bá ní aago, a lè fi wé ti Ògo-Olúwa àti Sábo, a ó sì mọ bí ìjì ṣe yára tó láti ìpẹ̀kun ìlú kan dé èkejì.

Aláṣọ Ayétòrò:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta lánàá. Mo ti rúlà bọ̀ ọ́, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7. Ṣé mìlímítà 70 ló rọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa nìyẹn?

Awọnjò Ògo-Olúwa:

Rárá o, àbúrò mi. Ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ̀, ìdí rẹ̀ sì há. Omi tí ẹnu tó fẹ̀ gbà ló wá kó jọ sínú ìdí tó há, ìdí nìyẹn tó fi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ bá dọ́gba ni kó o lò, bí agolo mílíìkì oníyẹ̀fun tí ara rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Bí o bá ti rúlà bọ ìyẹn, ohun tó bá sọ náà ni òjò rọ̀. Rántí pé rúlà mìíràn kì í bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti etí rẹ̀ gan-an, wò ó dáadáa. Mìlímítà 1 túmọ̀ sí pé lítà omi 1 rọ̀ sórí gbogbo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1. Bí òrùlé yín bá fẹ̀ tó 100 irú ẹ̀, mìlímítà 41 àná á ti da lítà 4,100 sínú gọ́tà yín. Ẹ wá ronú bí gbogbo òrùlé àdúgbò kan bá dà á sójú gọ́tà kan ṣoṣo.

Bí òjò kékeré bá ṣòro láti kà, fi àrọ sórí ìgò tí ara rẹ̀ tọ́. Ká ní ẹnu àrọ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, inú ìgò sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, omi á ga ní ìlọ́po mẹ́rin. O ó kàn fi 4 pín in.

Ibi tí o gbé e sí ṣe pàtàkì ju ohun tí o fi ń wọ̀n ọ́n lọ. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé agolo mi sún mọ́ etí páànù jù, omi òrùlé ń ta sí i. Nígbà tí mo mọ̀, ìwọ̀n oṣù méjì ni mo fagi lé. Ó dùn mí, nítorí òjò yẹn kò ní padà wá kí n tún un wọ̀n. Bí ògiri tàbí igi bá ga ní mítà 4, jẹ́ kí agolo rẹ jìnnà sí i tó mítà 8, ó kéré tán. Aago kan náà ni kó o máa wò ó lójoojúmọ́. Aago 7 àárọ̀ ni tèmi. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, kọ 0. Bí o bá fi àyè sílẹ̀ lófo, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọ̀la kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ ni tàbí ìwọ ni o lọ ìrìn àjò.

Ọmọ Òkè-Fìà ní Buffalo:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Òkè-Fìà ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York ni mo ń gbé báyìí, létí adágún Erie. Òjò dídì ni tiwa níbí, mo sì wà lára àwọn tó ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo kà lókè yìí bá tiwa mu lọ́nà púpọ̀.

Bí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó tutù gan-an máa ń gba orí adágún kọjá nígbà tí omi inú rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ jù ú lọ. Á fa ọ̀rinrin àti ooru láti ibẹ̀, á sì dà á lé wa lórí ní òjò dídì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìlà ìkùukùu tó ń gbé e wá máa ń rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn àdúgbò kan ní gúúsù ìlú gba ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, nígbà tí àwọn ará àríwá ìlú kan náà rí ìwọ̀nba ínṣì díẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbọ́n 41 àti 12 tí ẹ sọ ni.

Pátákó kékeré tí a kùn ní funfun la fi ń wọ̀n ọ́n. Ó ní láti funfun kí oòrùn má baà mú un gbóná kó sì yọ́ ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo ri igi kan mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé bí òjò dídì bá bò ó, ẹ lè wá a títí. Mo máa ń ti rúlà bọ̀ ọ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá gbá pátákó mọ́, màá tún gbé e lé orí èyí tó ti wà nílẹ̀. N kì í gbá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 6. Òjò dídì máa ń wọ̀ sílẹ̀ bó bá ti ń wúwo. Ẹni tó bá ń gbá tirẹ̀ ní wákàtí wákàtí, tó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye rẹ̀ á ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, òjò kan náà ló sì rọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kí gbogbo yín jọ fẹnu kò lórí òfin kan kí àkókò òjò tó wọra. Lẹ́yìn náà, mo máa ń yọ́ ọ kí n lè mọ iye omi inú rẹ̀. Ínṣì 10 òjò dídì sábà máa ń jẹ́ ínṣì 1 omi, ṣùgbọ́n èyí tó fúyẹ́ bí òwú lè gba 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pé 1.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Kérésìmesì 2022. Ìjì òjò dídì jà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó pa ju èèyàn 40 lọ ní agbègbè wa. Inú mọ́tò tó há sójú ọ̀nà ni àwọn kan nínú wọn kú sí. Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí. Òpó iná kan wà níwájú ilé wa, mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbésẹ̀ 18 ni. Mo kọ aago tí òpó náà pòórá sínú funfun, mo kọ aago tó tún hàn, mo kọ aago tó tún pòórá. Fídíò tí mo yà lọ́jọ́ náà kò fi nǹkan kan hàn bí kò ṣe funfun, ṣùgbọ́n ìwé yẹn sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ yan òpó, ilé ìsìn tàbí igi kan tí ẹ mọ bó ṣe jìnnà sí yín tó, kí ẹ máa kọ ìgbà tí òjò bá bò ó mọ́ yín lójú.

Àgbẹ̀ kan wà ní Jericho ní ìpínlẹ̀ Vermont, Wilson Bentley lorúkọ rẹ̀. Ní 1885 ló so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀rọ asọ-ohun-kékeré-di-ńlá, tó sì ya fọ́tò ẹyọ òjò dídì kan ṣoṣo. Kó tó kú, ó ti ya ju 5,000 lọ. Inú ilé oko ìdílé rẹ̀ ló ti ṣe é.

Fọ́tò Òkè-Fìà:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Buffalo, ọmọ àdúgbò mi. Tèmi kò gùn.

Ẹ dá fóònù ní ìbú, kí ẹ gbé e lé nǹkan tí kò ní mì. Ẹ má máa yí i kiri, ẹ jẹ́ kí ìjì gba iwájú yín kọjá. Kí ilé tàbí òpó kan wà nínú àwòrán kí èèyàn lè mọ bí ìkùukùu ṣe tóbi tó. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fẹnu sọ ọ́ sínú fídíò: ọjọ́, aago, àdúgbò, ibi tí ẹ kọjú sí. Mọ̀nàmọ́ná, ẹ má wulẹ̀ máa tẹ fọ́tò tẹ̀ lé e, ẹ kò ní bá a. Fídíò ni kí ẹ yà láti inú ilé, kí ẹ wá mú àwòrán tó dára jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè yára lọ, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ síbi tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé (ibi tí WhatsApp kọ "Document" sí), kì í ṣe bíi fídíò. Kí ẹ sì ní ẹ̀dà kejì. Mo gbé fóònù fún oníṣẹ́ kan pé kó bá mi tún ojú rẹ̀ ṣe, ó nu gbogbo inú rẹ̀ dànù. Fídíò yìnyín tí mo yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, bó ṣe lọ nìyẹn. N kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Tíṣà Jọ́gíráfì:

O ṣeun tó o mẹ́nu ba yìnyín. Afẹ́fẹ́ tó ń ròkè nínú ìjì ló ń gbé ẹ̀kán omi kọjá ibi tí omi ti ń dì, èyí tó tó nǹkan bíi kìlómítà 5 sókè nílẹ̀ wa. Yìnyín púpọ̀ máa ń yọ́ kó tó kan ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i lemọ́lemọ́. Bó bá bọ́, ẹ má sáré jáde bí àwa ti ń ṣe ní kékeré, tí a máa ń gbé abọ́ jó síta láti lọ ṣà á jẹ. Ẹ dúró kó dá. Ẹ ṣa èyí tó tóbi jù àti mélòó kan lára èyí tó pọ̀ jù, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ẹ ya fọ́tò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì di wọ́n sínú ọ̀rá sínú fíríìsà bí iná bá wà. Ẹ má kọ "bí ẹyin." Ẹyin adìyẹ àti ẹyin ẹyẹlé kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ẹ bá la ńlá kan sí méjì, ẹ lè rí i tó pín ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, ọ̀kan funfun, ọ̀kan mọ́ gaara.

Oníkẹ̀kẹ́ Ọjà-Ọba:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ojú ọ̀nà ni mo wà. Ọdún kẹta rèé tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀ mí pé kí n gbé òun lọ sí ọ̀nà afárá Gbódòfọ̀n kí òun ya Ọ̀ṣun tó kún. Nígbà tí a fi máa dé ibì kan, ọ̀gbàrá ti gba ojú títì. Kẹ̀kẹ́ kan wà níwájú wa, omi kò tíì dé orúnkún, mo rí i tó rọra yí lójú kan, tó sì dojú dé. Ọlọ́run ló yọ awakọ̀ rẹ̀. Mo yí padà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà bínú sí mi. Màá tún yí padà lónìí.

Tíṣà Jọ́gíráfì:

O ṣe ohun tó tọ́, ọmọ mi. Omi tó ń sáré tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú, 30 sì lè gbé mọ́tò kékeré léfòó. Ẹ rántí Omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, 31 oṣù kẹjọ 1980. Ẹ rántí 26 oṣù kẹjọ 2011 ní ìlú kan náà, èèyàn tó kú lé ní 100. Ti àrá náà ńkọ́? Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Mẹ́ta mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, òun náà jẹ́ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n inú ilé ni kí ẹ ti kà á, kí ẹ má sì jáde lọ wo agolo àfi tó bá di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Òótọ́ ni bàbá sọ. Láyé àwọn ìyá wa, bí àrá bá ń sán, a máa ń bo dígí, a ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tí í dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Awọnjò Ògo-Olúwa:

Kí ó lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká jọ máa kọ ọ́ báyìí. Tèmi ti àná rèé: "Ògo-Olúwa. Atẹ́gùn yíjú 4:05. Iná lọ 4:09. Òjò bẹ̀rẹ̀ 4:11, ó dá 5:01. Mìlímítà 41. Yìnyín: n kò rí. Ẹ̀ka máńgòrò kan já, ó nípọn tó ọwọ́ mi." Ohun tí o kò bá rí, kọ pé o kò rí i. Má ṣe fi ti ẹlòmíràn kún tìrẹ.

Aláṣọ Ayétòrò:

Mo ti ra agolo mílíìkì. Mo ti gbé e sí àárín àgbàlá. Àbúrò mi tó wà ní Iléṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí, 3:20, ó ní òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó sì ní ìjì nínú.

Oníkẹ̀kẹ́ Ọjà-Ọba:

Ó ti ṣú ní ọ̀nà ìlà oòrùn lóòótọ́. Mo ń lọ páàkì kẹ̀kẹ́ mi.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

3:51. Aṣọ ti yíjú. Ọmọ mi ti kọ aago sí i.

Awọnjò Ògo-Olúwa:

Ẹ ṣeun, mà. Mo ti da omi àárọ̀ nù, 0 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn kò tíì yí lọ́dọ̀ tiwa.